Kókó tí kì í dunni: bẹ́ ẹ ṣe lè yẹ ọyàn yín wò nínú ilé

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin ọmọge Èkìtì, ọ̀rọ̀ ọyàn ni mo bá wá lónìí, ẹ má bínú pé mo là á mọ́lẹ̀ báyìí. "Kò dùn mí" lọ̀rọ̀ tí àǹtí mi kan ní Ìkẹ́rẹ́ ń sọ fún odidi oṣù mẹ́jọ, agbo ló ń mu, ó sì ń fi àdí pa á, nígbà tó fi máa dé ọsibítù kókó yẹn ti tó ẹyin adìẹ, abíyá náà ti wú. Ẹ gbọ́ o, jẹjẹrẹ ọyàn kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ò dunni yẹn gan-an ni ká sáré sí.

Ta ni ọmọ Èkìtì tí ò mọ kókó inú iyán? Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń mọ̀ pé iyán yìí ò kúná, ẹ gbé e lọ síbi ọyàn yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, kó jẹ́ bí ọjọ́ 3 sí 5 lẹ́yìn tó bá ṣe é tán, torí kó tó dé ọyàn máa ń wú, á wá dẹ́rù bà yín lásán. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ò ṣe é mọ́, ẹ mú ọjọ́ kan lóṣù, bí ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ báyìí, tẹ́ ò ní gbàgbé.

Ẹ bọ́ra, ẹ dúró níwájú dígí, ẹ gbọ́wọ́ sókè, ẹ wò ó, ẹ fọwọ́ sí ìbàdí, ẹ tún wò ó. Pé ọ̀kan tóbi ju ìkejì lọ láti kékeré kì í ṣe àìsàn, ohun tó yí padà lẹ ń wá: ibi tí awọ ti jìn wọnú, awọ tó rí bí èèpo ọsàn, orí ọyàn tó dédé wọlé tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dùbúlẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ yẹ̀ wò sẹ́yìn orí, ẹ wá fi ìka mẹ́ta ọwọ́ kejì (inú ìka o, kì í ṣe èékánná) máa yí i ní róbótó kéékèèké, ẹ tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i, títí dé egungun, látọrùn dé abẹ́ ọyàn. Abíyá ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ń fò.

Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan, ẹ má tíì sunkún, ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ, pàápàá lára ọmọge. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa dá a mọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ẹ lọ sí ọsibítù ńlá, yálà EKSUTH (ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì) l'Ádó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ (Federal) n'Ídó. Dókítà á fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, á ní kẹ́ ẹ lọ ṣe skáànù tàbí mammogram, ìyẹn fọ́tò X-ray ọyàn (ẹni tó ti tó 40 lè béèrè fún mammogram bí ò tiẹ̀ rí nǹkan kan), wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ gé ẹran bíńtín jáde, òun ni biopsy. Àwọn kan ní tí abẹ́rẹ́ bá kàn án á bínú, á tàn kálẹ̀. Irọ́ ni jàre! Láìsí biopsy kò sẹ́ni tó mọ irú èyí tó jẹ́, torí oríṣiríṣi ni. Èyí tí họ́mọ̀nù obìnrin ń bọ́, oògùn oníkóró bíi tamoxifen wà fún un, wọ́n sì lè lò ó fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ò ní í ṣe pẹ̀lú họ́mọ̀nù, tó wọ́pọ̀ díẹ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, kímò (oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ) ló sábà ń gbà. Nítorí náà ẹ má ra oògùn tí ìyá kan lò nílé kejì.

Tí kókó bá ṣì kéré, wọ́n lè yọ òun nìkan kí wọ́n fi ọyàn sílẹ̀, àmọ́ wọ́n á fẹ́ fi iná ẹ̀rọ (radiotherapy, ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ tó bá ṣẹ́ kù) sí i lẹ́yìn ẹ̀, ọsibítù UCH n'Íbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó lọ̀pọ̀ ń lọ fún ìyẹn. Owó ẹ̀ pọ̀, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ tètè béèrè ohun tí ìnṣọ́ránsì yín máa san.

Ẹ̀yin ọkùnrin náà ní ọyàn o, ó máa ń mú yín, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹ mú ẹnì kan dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbèsì, torí etí máa ń di lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gba ìwé èsì biopsy yẹn dání, ẹ ṣe fọ́tòkópì ẹ̀, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi tí ìwé ilẹ̀ wà.