Bí a ṣe ń gba ìtàn ìṣíkiri sílẹ̀ ní agboolé Kétu

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn ìṣíkiri àwọn ará Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ṣiṣẹ́ ṣe, kó má fi "Ọdún wo lẹ dé?" bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà kì í fi ọdún ka ìrìn. Ẹ bi wọ́n pé: Alákétu wo ló wà lórí ìtẹ́? Ṣé kí ìlú tó fọ́ ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ní 1886 ni ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, tí wọ́n kó èèyàn lẹ́rú lọ sí Abọ́mẹ̀, olú ìlú Dàhòmì. Ní 1894, lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, làwọn tó ṣẹ́kù wá tún ìlú tẹ̀ dó. Òpó méjì tí ìtàn yòókù máa fara tì nìyẹn.

Ẹ kí baálé ilé kí ẹ tó yọ ẹ̀rọ jáde. Ìyọ̀ǹda, orúkọ, agboolé àti ọjọ́ ni kó ṣáájú nínú ohùn tí ẹ bá gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láwùjọ, àgbà kan á sọ̀rọ̀, ìyókù á máa ní "bẹ́ẹ̀ ni".

Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sábà máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ má dúró síbẹ̀. Ibo lẹ sùn lọ́nà? Ta ló fún yín nílẹ̀ oko? Ta lẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn? Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ìtàn ìlú pàápàá dárúkọ Aro kí wọ́n tó dé Kétu. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá àgbà ki oríkì orílẹ̀ délẹ̀, kí ẹ sì kọ gbogbo orúkọ ìlú inú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn náà ló mọ ọmọ tó relé ọkọ ní Ìmẹ̀kọ, tí ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pa ní 1889 gbé sí apá Nàìjíríà. Ẹ lọ gbọ́ tẹnu àwọn tọ̀hún náà.

Bí ọ̀rọ̀ bá ń dún bí ìwé kíkà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìtàn tí wọ́n ti tẹ̀ jáde ló ti padà sẹ́nu àgbà.

Ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ wá "Kétou" àti "Nagot"; bí Faransé ṣe ń kọ Kétu àti Nàgó, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá, nìyẹn. Bí ìwé bá ní abúlé kan ṣófo, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ abúlé. Owó orí, iṣẹ́ ipá àti kíkó ọmọ lọ sí ogun àgbáyé 1914 lé ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá ààlà.

Bí ẹnì kan bá yọ́ sọ fún yín pé ẹrú ni baba ńlá agboolé kan, ẹ má kọ orúkọ wọn jáde láé. Ó lè ba oyè, ogún àti ìgbéyàwó wọn jẹ́.

Wákàtí kan ohùn lè gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láti kọ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu, ẹ má sọ ọ́ di ẹ̀ka èdè Ọ̀yọ́: ọ̀rọ̀ kan péré lè tú ìlú ìyá ẹni náà síta. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ síbòmíràn, kí ẹ sì gbé ọ̀kan padà fún agboolé.