Bí mo ṣe rí bàbá àgbà ìyá ọkọ mi nínú ìwé ìbí Pólándì

Júù ni ìyá ọkọ mi, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ nípa ìlú tí bàbá bàbá rẹ̀ ti wá ni "Rọ́ṣíà." Èmi tí wọ́n ń ki oríkì orílẹ̀ mi fún láti kékeré, ó dùn mí wọra. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká wá a."

Fọ́tò òkúta ibojì bàbá àgbà náà ni mo kọ́kọ́ béèrè. Àwọn Júù sábà máa ń fi lẹ́tà Hébérù kọ orúkọ òkú síbẹ̀, wọn a sì fi "ben", ìyẹn "ọmọ", so ó mọ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Bí a ṣe mọ̀ pé Hersz ọmọ Icek ni nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni mo lọ sí ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìwé àwọn àjèjì tó di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà. Ibẹ̀ ni orúkọ ìlú ti jáde: ìlú kékeré kan nítòsí Lublin, ní Pólándì. Abẹ́ ọba Rọ́ṣíà ni ibẹ̀ wà nígbà náà.

Ìgbà yẹn ni mo tó ṣí JRI-Poland, atọ́ka orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àkọsílẹ̀ àwọn Júù Pólándì, tí wọ́n ti ń kó orúkọ jọ sí láti 1995. Mo tẹ orúkọ ìdílé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, n ò rí nǹkan kan. Ìró tí àwa fi ṣ kọ, sz ni àwọn ará Pólándì fi ń kọ ọ́. Láti 1868, èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìbí àti ikú ibẹ̀, èdè yẹn kò sì ní h, ni Hersz bá di Gersz. Mo yí i sí wíwá nípa ìró. Hersz méjì ló jáde, orúkọ ìdílé kan náà, ọdún méjì láàárín wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Icek. Ọpẹ́lọpẹ́ òkúta ibojì.

Mo gbé ọdún àti nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí Szukaj w Archiwach, ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Pólándì kó àwòrán ìwé wọ̀nyí sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣí i ní ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan o. Ẹ̀yìn ìwé ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n to orúkọ sí. Déètì méjì lẹ máa rí, ọjọ́ 12 ló wà láàárín wọn. Ti kàlẹ́ńdà àtijọ́ Rọ́ṣíà ni àkọ́kọ́, èkejì ni ti kàlẹ́ńdà tiwa. Kí ẹ sì ka inú rẹ̀ dáadáa: Hersz àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, ọjọ́ kan náà ni bàbá wọn lọ forúkọ wọn sílẹ̀, ọdún tó wà lórí ìwé kì í ṣe ọdún tí wọ́n bí i.

Hersz méjì yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn Júù ibẹ̀ kì í sọ ọmọ ní orúkọ ẹbí tó ṣì wà láàyè, orúkọ òkú ni wọ́n ń sọ ọ́. Ẹni tó bá mọ Babátúndé á tètè lóye rẹ̀: bí ọmọ ìyá méjì bá sọ ọmọ wọn ní Hersz, Hersz àgbà kan ti kú ṣáájú. Mo wá ìwé ikú, mo sì rí i ní 1866, ní èdè Pólándì, pẹ̀lú orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìwé ìbí tirẹ̀ ni mo ń wá báyìí. Ṣáájú 1826, ìwé kan náà pẹ̀lú àwọn Kátólíìkì ni wọ́n ń kọ àwọn Júù sí, àṣẹ 1821 ló sì fún ọ̀pọ̀ wọn ní orúkọ ìdílé, nítorí náà orúkọ bàbá nìkan ni mo fi ń wá a.

Mo tẹ ìwé ìbí náà jáde fún Mọ́mì. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, láàárín gbogbo èdè Rọ́ṣíà yẹn, Icek fi lẹ́tà Hébérù fọwọ́ sí i. Mọ́mì gbé ìka lé e. Mo fẹ́ na ìwé ikú sí wọn, wọ́n ní kí n ní sùúrù ná.