Omi tó ń kán lára ẹ̀rọ amúlétutù

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ tó sáré pe oníṣẹ́ torí pé ẹ̀rọ amúlétutù yín ń kán omi, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ń kán sí. Tó bá jẹ́ ìta, láti ẹnu rọ́bà tó yọ lára ògiri, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣé ẹ rí ife omi tútù tí a gbé kalẹ̀, tí ara rẹ̀ ń làágùn? Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin tútù inú ẹ̀rọ ṣe ń làágùn, tí omi rẹ̀ á gba inú rọ́bà jáde.

Inú yàrá ló ń kán sí? Rọ́bà yẹn ló sábà máa ń dí. Ẹ pa iná ẹ̀rọ náà, kí ẹ fa ìdọ̀tí inú rọ́bà jáde láti ìta. Ẹ má fi wáyà gún un o! Èmi ṣe é rí, mo dá rọ́bà lu, ògiri sì mu omi yó.

Ẹ yọ asẹ́ iwájú rẹ̀ náà, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa. Bí eruku bá bò ó, afẹ́fẹ́ ò ní rí ọ̀nà kọjá, yìnyín á bo irin inú. Tó bá yọ́, ilẹ̀ yàrá ló ń dà sí. Tí asẹ́ bá mọ́ tóní tí yìnyín ṣì ń bo irin inú, ó ṣeé ṣe kí gáàsì tó ń mú ẹ̀rọ náà tutù ti lọ sílẹ̀. Ẹ wá pe oníṣẹ́ wàyí, ẹ má sì fi ọ̀bẹ họ yìnyín náà.