Ọmọ tí ìwé ń ṣòro fún, tó tún máa ń kọsẹ̀: ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé àti lóko

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin òbí. Ilé tí ọmọ kan wà tó gbọ́n dáadáa, tó mọ ṣẹ́njì kà ju ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ, àmọ́ tó bá ti di ìwé kíkà báyìí wàhálà dé, ilé yẹn la kọ èyí fún. Wọ́n á ní olódo ni, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Irọ́ ni. Dyslexia ni wọ́n ń pè é, ọpọlọ ọmọ náà ni kì í tètè so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró, ojú ẹ̀ lè ríran kedere kó má sì lè ka "gb".

Àwọn kan nínú wọn tún máa ń kọsẹ̀, wọ́n á da omi nù, wọn ò lè fẹsẹ̀ kan dúró pẹ́. Lọ́dún 1990, àwọn olùṣèwádìí méjì, Nicolson àti Fawcett, ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní káwọn ọmọ tó ní dyslexia dúró lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n dúró dáadáa, àfìgbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa ka nọ́ńbà mọ́ ọn ni wọ́n bá ń mì. Ẹni tó bá ti ru korobá omi rí, tí wọ́n wá ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ lọ́nà, á mọ ohun tí mò ń sọ.

Àmọ́ nígbà tí olùṣèwádìí míì, Wimmer, àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wò ó nílẹ̀ Austria, àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan, tí wọ́n ń pè ní ADHD, ni wọ́n rí i pé ó ń mì jù, kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ní dyslexia. Rochelle àti Talcott kó àwọn ìwádìí jọ lọ́dún 2006, ibẹ̀ náà lọ̀rọ̀ fì sí. Dyslexia àti ADHD sì lè jọ wà lára ọmọ kan náà, òun ló ń rú èèyàn lójú.

Torí náà tẹ́nì kan bá fẹ́ ta pátákó tọ́mọ á máa dúró lé fún yín pé ìyẹn ló máa jẹ́ kó mọ̀wé, ẹ fowó yín ra ajílẹ̀ o jàre. Kó ta bọ́ọ̀lù, kó fò, ó dáa, ṣùgbọ́n ìró àti lẹ́tà la fi ń kọ́ ìwé kíkà.

Lálẹ́ tẹ́ ẹ bá jẹun tán, ìṣẹ́jú 10 tó. Ẹ jọ pàtẹ́wọ́ sí "àgbàdo", à-gbà-do, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ ní kó yọ "à" kúrò, kí ló kù? Ẹ fi dò-re-mí kọ ọkọ́ tẹ́ ẹ fi ń roko, ọkọ ìyá ẹ̀, ọkọ̀ tó ń lọ sọ́jà, kó gbọ́ ibi tí ohùn ti yàtọ̀, lẹ́yìn náà kó fìka kọ ọ́ sínú yanrìn, kó máa pe ìró ẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ti iṣẹ́ rírán ńkọ́? Àwa náà la ń dá kún un, ẹ̀ẹ̀kan la ó ní kó mú àdá wá, kó so ewúrẹ́, kó sì sọ fún ìyá ẹ̀ pé à ń bọ̀! Ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ rán an, kó tún un sọ fún yín kó tó lọ. Tó bá rẹrù, ẹ má bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó máa fi àdá ṣánko láàárín èrò.

Bó bá jẹ́ ọmọ tó ti ń rìn dáadáa ló ṣàdédé ń ṣubú, tàbí tétí ẹ̀ ń ṣọyún, tàbí tórí ń fọ́ ọ tó sì ń bì, ọsibítù ni o, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ sín gbẹ́rẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ rí tíṣà, ẹ mú ìwé ẹ̀ dání, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ọmọ síwájú, kó má ṣàdédé pè é dìde kó kàwé sétígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì, kó sì máa ka ìbéèrè fún un nígbà ìdánwò.