Ojú títì ni mo ti rí orúkọ ìyá mi

Ọ̀nà A30 la gbà lọ́jọ́ náà, láti Yeovil lọ sí Exeter, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òjò ń ṣẹ́ wìnníwìnní, èmi ni mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. A kò tíì jìnnà sí Yeovil rárá tí mo fi rí i lára pátákó, gàdàgbà gàdàgbà: West Coker. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò, mo lọ ya pátákó náà ní fọ́tò.

Coker ni orúkọ ìdílé ìyá mi. Òun ni wọ́n kọ sára sàréè bàbá tó bí ìyá mi lọ́mọ ní Abẹ́òkúta. Láti kékeré ni mo ti rò pé orúkọ òyìnbó kan ṣá ni, bíi Johnson tàbí Williams, tí àwọn míṣọ́nnárì fi sọ àwọn baba wa ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone. N kò mọ̀ pé orúkọ náà ní ìlú. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi wá ìdí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe é, torí mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń jẹ ọ̀pọ̀ ọmọ Sàró lọ́kàn: ẹ̀yin Coker, ẹ̀yin Crowther, ẹ̀yin Savage, ẹ̀yin Randle.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ pè.

"Màámi, Coker tiwa yìí, níbo ló ti wá?"

"Sàró ni wọ́n ti gbé e dé. Wọn ò bí i mọ́ bàbá wa. Ẹni tó mọ̀ ju ìyẹn lọ ti kú. Pe ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ wọn ni Bíbélì wà."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ya ojú ewé àkọ́kọ́ Bíbélì náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Tàdáwà rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n mo rí orúkọ bàbá wa àgbà, mo rí Coker, mo sì rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀: Hastings.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Ìlú ńlá kan ń jẹ́ Hastings ní etí òkun Sussex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo sì fi ń wá Coker nínú ìwé ìrìbọmi ibẹ̀. N kò rí ẹyọ kan tó jọ tiwa. Ìgbà tí mo ka ìtàn Sàró dáadáa ni mo tó mọ̀ pé Hastings mìíràn wà nítòsí Freetown. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ àwọn abúlé yẹn dó fún àwọn tí ọkọ̀ ojú omi wọn gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, orúkọ ilé wọn ni wọ́n sì kó lọ síbẹ̀: Hastings, York, Kent. Wọ́n fi Waterloo àti Wellington kún un, torí ogun tí wọ́n ṣẹ́gun ní 1815. Ẹni tó bá ń wá orúkọ Sàró, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ti ẹ̀gbẹ́ òkun wo ni ìlú tó rí nínú ìwé.

Bí mo ṣe mọ èyí tán, mo pín iṣẹ́ náà sí méjì: bí orúkọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti bó ṣe dé Hastings ti Sàró.

Coker mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Somerset, àgbègbè tí Yeovil wà: East Coker, West Coker àti North Coker. Nínú ìwé Domesday, tí Ọba William fi ka gbogbo ohun ìní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1086, "Cocre" ni wọ́n kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀ kí èdè Gẹ̀ẹ́sì tó débẹ̀. Èdè àwọn ará Britain àtijọ́ ni, àwọn tí èdè Welsh ti ara wọn jáde. Orúkọ odò ni, ó sì jọ pé odò tó ń ṣàn kọ́lọkọ̀lọ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìdí kan náà ló wà lára odò Cocker ní àríwá lọ́hùn-ún, èyí tí Cockermouth fi ń jẹ́ Cockermouth. Odò ló sọ ìlú lórúkọ, bí odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun ṣe sọ ìpínlẹ̀ méjì lórúkọ lọ́dọ̀ wa.

Ìlú sì wá sọ ènìyàn lórúkọ. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa rárá. Kò sí ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìjẹ̀bú nílùú Ìjẹ̀bú-Òde. Ó dìgbà tó bá dé Ìbàdàn, tó pàtẹ ọjà, kí wọ́n tó fi ìlú rẹ̀ pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú àwọn tó kọ́kọ́ ń jẹ́ "de Coker", ẹni tó ti Coker wá. Nínú Coker gan-an, gbogbo wọn ló ti ibẹ̀ wá, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn dá ẹnikẹ́ni mọ̀? Ẹni tó kúrò ló ń gbé orúkọ náà rìn. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń wá irú orúkọ báyìí kò fi gbọ́dọ̀ jókòó sínú abúlé náà nìkan. Kó máa wo àwọn abúlé tó yí i ká, ìrìn ọjọ́ kan sí ọjọ́ méjì.

Ìwé ìkànìyàn ni mo fi wò ó. Láti 1801 ni wọ́n ti ń ka ènìyàn ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ti 1841 ni àkọ́kọ́ tí orúkọ gbogbo ènìyàn wà nínú rẹ̀. Láti 1851 ni wọ́n sì ti ń kọ ìjọ tàbí abúlé tí wọ́n ti bí oníkálukú. Abala yẹn ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Màá rí bàbá kan ní Lọ́ńdọ̀n, wọ́n á kọ Somerset síwájú rẹ̀, wọ́n á kọ Dorset síwájú ìyàwó, wọ́n á sì kọ Lọ́ńdọ̀n síwájú gbogbo ọmọ. Nínú ilé kan ṣoṣo, mo ti rí ọ̀nà tí orúkọ náà gbà àti ìran tó gbà á. Ti 1881 ni mo lò jù, torí ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ti tẹ gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tipẹ́. Ti 1921 ni ó tuntun jù nínú èyí tí a lè kà, 2022 ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Ti 1931 kò sí mọ́, iná jó o ní 1942.

Ẹ má fọkàn tán ohun tí ẹ bá rí lójú ẹsẹ̀. Bí ọwọ́ akọ̀wé bá rí wúruwùru, Baker ni ẹlòmíràn á kà sí Coker. Croker, tó jẹ́ orúkọ mìíràn pátápátá, a máa wọ àárín wọn. Cocker náà ń bẹ. Gbogbo ibi tí mo bá ti ṣiyè méjì, mo ṣí àwòrán ìwé náà gan-an, mo fi lẹ́tà kan wé òmíràn lójú ewé kan náà. Iṣẹ́ tó ń rẹ ojú ni, ṣùgbọ́n n kò kábàámọ̀ ọjọ́ kan lára rẹ̀.

Kíka iye ènìyàn nìkan kò tó pẹ̀lú. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń jẹ́ orúkọ kan ní abúlé ẹgbẹ̀ta ènìyàn, tí ọgọ́rùn-ún sì ń jẹ́ ẹ ní Lọ́ńdọ̀n tó kún fún àìmọye ènìyàn, abúlé yẹn ló ni orúkọ. Mo ṣe ìṣirò yìí fún àgbègbè kọ̀ọ̀kan, mo fi àwọ̀ kun máàpù kan tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá mi. Somerset àti Dorset ni àwọ̀ ti dúdú.

Ní Dorset yẹn, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Mappowder. Ìdílé Coker tó lówó lọ́wọ́ gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìran, ẹ̀ka wọn kan sì lọ di onílẹ̀ ní Bicester ní Oxfordshire. Èyí ló fà á tí oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan fi rí owó gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ń ta àmì ìdílé Coker, apata aláràbarà tí èèyàn lè gbé kọ́ sí pálọ̀, mo sì rà á. Ó yẹ kí wọ́n máa kìlọ̀ fún ènìyàn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan àti ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni wọ́n ń fi irú àmì yẹn jíǹkí, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ kan náà. Àgbẹ̀ tó ń jẹ́ Coker ní Somerset kò ní i, áńbọ̀sì èmi. Mo ti já a kúrò lára ògiri.

Ìwé ìjọ ló gbé mi kọjá 1837. Ọdún yẹn ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ìjọ ló ń ṣe é, láti 1538. Mo lọ sí ilé àkójọ ìwé ìtàn ní Taunton fún Somerset, mo sì lọ sí Dorchester fún Dorset. Ọmọbìnrin tó gbé ìwé fún mi béèrè bóyá Coker ni èmi náà. Mo ní ìyá mi ni. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó lọ kó méjì sí i wá.

Ọ̀rọ̀ òkun ló kù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Somerset ni Bristol wà, láti 1654 sí 1686 ni wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó wọkọ̀ níbẹ̀ lọ sí Virginia, Barbados àti àwọn oko òkè òkun yòókù, ó lé ní ẹgbàárùn-ún ènìyàn. Ìwọ̀fà ni wọ́n. Wọ́n fi iṣẹ́ ọdún mélòó kan san owó ọkọ̀. Nínú irú ìwọ̀fà yìí ni obìnrin òyìnbó kan wà ní Maryland nígbà tó yá, Susan Coker. Ó bímọ fún ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó wà lóko ẹrú, nǹkan bí 1780. Isaac Wright ni wọ́n sọ ọmọ náà. Ọmọ yìí sá lọ sí New York nígbà tó ń dàgbà, ó sì yí orúkọ padà. Daniel Coker ló ń jẹ́ láti ìgbà náà lọ. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló mú.

Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo gbé bírò sílẹ̀.

Daniel Coker padà sí Baltimore, wọ́n ra òmìnira rẹ̀, ó di olùkọ́ àti oníwàásù, ó sì wà lára àwọn tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àwọn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní Philadelphia ní 1816. Ní oṣù Kejì ọdún 1820, ó wà nínú ọkọ̀ Elizabeth tó gbéra láti New York wá sí Áfíríkà. Erékùṣù Sherbro ni wọ́n kọ́kọ́ dó sí. Ibà pa wọ́n níbẹ̀, àwọn òyìnbó tó ń darí wọn kú tán, ọwọ́ Coker sì ni gbogbo ẹrù bọ́ sí. Ó kó àwọn tó kù kúrò níbẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tẹ Liberia dó, òun dúró sí Sàró, ìjọba sì fi í ṣe alábòójútó abúlé kan. Hastings ni abúlé náà.

Hastings inú Bíbélì wa.

N kò pe Daniel Coker ní bàbá mi. Orúkọ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ní Sàró nígbà yẹn. Ẹni tó bá ń san pọ́ùn 5 lọ́dún fún CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lè yan orúkọ tí wọ́n máa fi sọ ọmọ kan ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n bí ní Àjàyí gba orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀n, Samuel Crowther, lọ́jọ́ ìrìbọmi rẹ̀ ní 1825. Àwọn mìíràn gba orúkọ ẹni tó kọ́ wọn níwèé, tàbí ti ẹni tó ń darí abúlé wọn. Ọ̀nà yìí ni mo gbà pé ó gbé Coker dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀jẹ̀ wà níbòmíràn. Ìyá mi ṣì ń kì mí ní "ọmọ Òwu, ọmọ Ajíbósìn", bí ìyá rẹ̀ ṣe kì í. Ogun tó fọ́ Òwu ní àwọn ọdún 1820 ló kó ọ̀pọ̀ wọn dé etí òkun. Oríkì yẹn gba inú ọkọ̀ ẹrú kọjá, ó dé Hastings, ó padà sí Abẹ́òkúta. Kò sí akọ̀wé òyìnbó kankan tó kọ ọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ kò yẹ̀. Mo ti kọ ọ́ síwájú nínú ìwé tí mo ń ṣe fún ẹbí, kí n tó kọ 1086.

Ẹ ṣọ́ra fún máàpù òde òní. Àwọn máàpù kan wà tó fi ìkànìyàn 1881 hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìdìbò 1998. Ẹni tó bá wo Lọ́ńdọ̀n inú ti òde òní máa rò pé ibẹ̀ ni ilé Coker. Àwa la wà níbẹ̀ yẹn, àwa àti àwọn ẹ̀gbọ́n wa láti Freetown, tí a gbé orúkọ náà padà wá.

Mo padà sí West Coker nígbà tí iṣẹ́ ń lọ sópin. Ilé iṣẹ́ okùn àtijọ́ kan ṣì wà níbẹ̀, Dawe's, tí wọ́n tún ṣe. Nígbà kan, iṣẹ́ àgbègbè yìí ni okùn àti aṣọ ìgbòkun, ọkọ̀ ojú omi ọba Gẹ̀ẹ́sì a sì máa ta aṣọ Coker sókè. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọ́kùn náà pẹ́. Mo ń ro ọkọ̀ tó gba bàbá wa àgbà sílẹ̀ lójú òkun, àti irú aṣọ tó ta.

Mo fi fọ́tò pátákó ojú títì yẹn ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti lọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Inú Bíbélì ló wà, ní ojú ewé Hastings.