Bí mo ṣe ka wákàtí ìtọ́jú mọ́ ẹ̀sùn tí a fi kan oníkúárì

Àwọn oníkúárì ní àwọn ti san owó ọsibítù, pé ọ̀rọ̀ ti parí. Òkúta wó lu òṣìṣẹ́ wọn ní kúárì kan lẹ́bàá Àkúrẹ́, kò sì lè dá yíra padà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń yí i. Ó ti pa ìsọ̀ rẹ̀ tì ní Ọjà Ọba. Nígbà tí mo bá a bèèrè owó iṣẹ́ ìtọ́jú yìí, wọ́n ní ká mú rìsíìtì wá. Rìsíìtì kẹ̀!

Ìwé dókítà, fọ́tò, lẹ́tà àkọ́kọ́: mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Kíka wákàtí ló gbà wá lágbára. Bí ẹ bá bi olùtọ́jú pé wákàtí mélòó ló fi ń ṣiṣẹ́ yìí, á ní, “Ṣé ìyẹn náà ni iṣẹ́? Ṣebí ọkọ mi ni.” Ẹ má bèèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ mú un láti ìgbà tó jí: kí lẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn? Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Mo fa ìlà síwèé, ìlà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òpó méjì: ohun tó ń ṣe, àti ohun tó ń ṣe pọ̀ mọ́ ọn. Òpó kejì ni ìtọ́jú máa ń sá pamọ́ sí: ó ń bẹ iṣu, etí rẹ̀ wà ní yàrá. Wákàtí méjì-méjì ni wọ́n ń yí ẹni tí kò lè dìde kí egbò má baà dá sí i lára, tòru-tòru. Ẹ kọ ọ́. Àmọ́ ẹ má ro òpó méjèèjì pọ̀ o. Ọjọ́ kan á ju wákàtí 24 lọ, ibẹ̀ ni lọ́yà wọn á gbà já gbogbo rẹ̀ kulẹ̀.

Àwọn kan á ní kí n fi èrè ìsọ̀ ṣírò. Mi ò gbà: ìyẹn á sọ ìtọ́jú obìnrin tálákà di ọ̀pọ̀. Owó ẹni tí wọn ì bá gbà síṣẹ́ náà ni mo lò. Owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000, fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, tó nǹkan bí ₦404 ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦97,000.

Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2011 ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá pa èèyàn lára ṣàtúnṣe. Ní 2013, Magdalena Sepúlveda Carmona, aṣojú àjọ náà lórí òṣì, jábọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni ìtọ́jú tí a kì í sanwó rẹ̀. Mo kọ méjèèjì sí i, bó tilẹ̀ ń bí mi nínú pé kò sí èyí tó lè fipá mú wọn sanwó.

Nàìjíríà kò sí lára àwọn tó fọwọ́ sí ìlànà OECD, ìyẹn ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣe lórí ìwà àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò nílẹ̀ òkèèrè, nítorí náà ọ́fíìsì tó ń gbọ́ irú ẹ̀sùn yìí ní orílẹ̀-èdè tí àwọn tó ni kúárì ti wá ni mo fi ránṣẹ́ sí. Ìpẹ̀tùsíjà ni tiwọn. Mo fi ìyàwó ṣe olùfisùn kejì lórúkọ ara rẹ̀, pẹ̀lú àdánù tirẹ̀. Bí ẹ bá kàn pè é ní ìyàwó ẹni tó fara pa, abẹ́ owó ọkọ ni wọ́n máa ti tirẹ̀ bọ̀.