Bí Mo Ṣe Jókòó Ṣírò Owó Orí Mi

Látìgbà tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 ni ariwo ò ti dákẹ́ ní ọ́fíìsì wa. Oníkálukú ló ní iye tí wọn yóò gé fún un. Mo bá mú bírò àti ìwé owó oṣù mi, mo jókòó tì í.

₦200,000 ni mò ń gbà lóṣù, ìyẹn ₦2,400,000 lọ́dún. Owó ìfẹ̀yìntì ni mo kọ́kọ́ yọ: ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦192,000. Ó kan owó ilé. Òfin gbà kéèyàn yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó san fún lanlọ́ọ̀dù lọ́dún, kí iye tó yọ ṣáà má ti ju ₦500,000 lọ. ₦400,000 ni mò ń san, mo rí ₦80,000 yọ. (Ẹ gba rìsíìtì yín o! Ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní gbà yín.) Ó ku ₦2,128,000.

Owó orí ò kan ₦800,000 àkọ́kọ́ rárá. Ìyókù ni wọ́n gé ìdá 15 nínú ẹ̀: ₦199,200 lọ́dún, ₦16,600 lóṣù. Mo fi òfin àtijọ́ ṣírò ẹ̀ wò, ó lé ní ₦18,000. Ohun tó dín ò pọ̀, àmọ́ ẹni tó ń wọ dáńfó mọ iyì ẹ̀. Ní ti ẹni tó ń gba ₦70,000 tíjọba fọwọ́ sí, kò san kọ́bọ̀.

Àbúrò mi ń gba mílíọ̀nù kan lóṣù. Lẹ́yìn ìyọkúrò owó ìfẹ̀yìntì àti ti owó ilé, ₦10,540,000 ló kù fún un lọ́dún. Òun náà jẹ ₦800,000 ọ̀fẹ́, ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e wà ní ìdá 15, ìyókù bọ́ sí ìdá 18. ₦140,600 ni tiẹ̀ lóṣù. Nínú ₦100 tó bá wọlé, ó ń san ₦14. Èmi ń san ₦8 àti díẹ̀.

Ibi ìdá 18 yìí gan-an ló ń dẹ́rù ba mọ́mì kan lọ́fíìsì wa, débi pé kò fẹ́ gba ìgbéga.

“Ṣé kì í ṣe gbogbo owó mi ni wọn ó gé e nínú ẹ̀?”

“Rárá, mà. Èyí tó bá lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta nìkan ni.”

Mo kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé: ká ní ₦2,950,000 ni owó orí ń kàn báyìí, tí ₦120,000 wá kún un. ₦50,000 wà ní ìdá 15, ₦70,000 ní ìdá 18. Wọ́n gbé ₦20,100, ₦99,900 wọ àpò yín.

Ó ka ẹ̀yìn àpòòwé náà lẹ́ẹ̀mejì. “Kí wọ́n yáa tẹ lẹ́tà mi jáde.”